Ẹni tó fi sìgá sílẹ̀ tí oògùn wá pọ̀ jù lára rẹ̀: ohun tí èéfín ń bá ẹ̀dọ̀ ṣe

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń lo clozapine, oògùn àìsàn ọpọlọ, láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ara wọn sì ti balẹ̀. Wọ́n máa ń mu sìgá tó páálí kan lójúmọ́. Nígbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi sìgá sílẹ̀ pátápátá, gbogbo wa sì dúpẹ́. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Oògùn kan náà ni, iye kan náà ni, èmi fúnra mi ni mò ń ka hóró rẹ̀ fún wọn. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Nọ́ọ̀sì kan ní sìgá tí wọ́n fi sílẹ̀ ló fà á, ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ìyá wa náà ń lo aminophylline fún ikọ́ fée, pọ̀nmọ́ ni wọ́n sì ń sun tà. Ṣé lóòótọ́ ni èéfín lè yí iṣẹ́ oògùn padà lára ènìyàn?"

Ìdáhùn: Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni nọ́ọ̀sì yẹn bá yín sọ, kò sì yẹ kí ó di ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ máa ṣe lónìí, lẹ́yìn náà a óò wá tú ìdí rẹ̀ palẹ̀.

Ẹ mú ẹ̀gbọ́n yín padà sí ilé ìwòsàn tó ń fún wọn lóògùn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn. Ohun tí ẹ máa sọ kò pọ̀: clozapine ni wọ́n ń lò, mìlígíráàmù báyìí láàárọ̀, báyìí lálẹ́, sìgá ogún ni wọ́n ń mu lójúmọ́, ọjọ́ báyìí ni wọ́n jáwọ́. Èyí nìkan ti tó kí dókítà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n bí gìrì bá mú wọn, bí ẹ bá jí wọn tí wọn kò jí dáadáa, bí ara wọn bá gbóná, bí àyà bá ń dùn wọ́n, tàbí tí wọn kò bá ti yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, kì í ṣe èyí tí à ń tò sórí ìlà dè. Ẹ má fojú kékeré wo ti ìgbẹ́ yẹn. Clozapine máa ń mú kí ìfun lọ́ra. Bó bá pọ̀ jù lára, ìfun lè dúró pátápátá, ó sì ti pa ènìyàn.

Ohun méjì wà tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe. Ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín. Bí clozapine bá fò ju wákàtí 48 lọ, a kì í padà sí iye tí a ń lò tẹ́lẹ̀; mìlígíráàmù 12.5 ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ gùn ún, nítorí pé ara tí kò rí i mọ́ lè jẹ́ kí ìfúnpá lọ sílẹ̀ gan-an tàbí kí ọkàn má lù déédéé. Èkejì, ẹ má fún wọn ní sìgá padà kí ara wọn lè "bọ̀ sípò". Fífi sìgá sílẹ̀ dára fún wọn. Iye oògùn ló yẹ kó yí padà, kì í ṣe sìgá ló yẹ kó padà wá.

Ó kan bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Oògùn tí a gbé mì kì í gbé inú ara títí. Kíndìnrín ló ń ti èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ara kò fẹ́ mọ́ jáde nínú ìtọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá yòrò nínú omi nìkan ni agbára rẹ̀ ká. Clozapine kò fẹ́ràn omi, ọ̀rá ló fẹ́ràn, bíi ti ọ̀pọ̀ oògùn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Bí ó bá dé kíndìnrín bẹ́ẹ̀, ara á tún fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí epo pupa yí lọ́wọ́ mọ̀ pé omi lásán kò ní í ṣí i. Ẹ̀dọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lára oògùn náà kí omi tó lè gbé e lọ.

Àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta mọ irú iṣẹ́ yìí ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹlú kì í yòrò nínú omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da kọ́sítíìkì sódà àti hydrosulphite sí ìkòkò, tàbí omi eérú ní ayé àtijọ́, kí aró tó lè wọ inú owú. Ẹ wo aṣọ náà bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ: àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n ló máa ń ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ní ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù lójú yín. Ìkòkò ló mú ọ́síjìn kúrò kí aró lè yòrò, afẹ́fẹ́ ló dá a padà kí aró lè di mọ́ aṣọ. Ọ̀nà kejì ni ẹ̀dọ̀ ń gbà: ọ́síjìn gan-an ló fi ń mú kí nǹkan yòrò. Ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn purotéènì tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá nínú ara, á lẹ átọ́ọ̀mù ọ́síjìn kan mọ́ ara oògùn náà, lẹ́yìn náà ẹ́ńsáìmù mìíràn á wá so irú ṣúgà kan tàbí sulphate mọ́ ibẹ̀, ìyẹn á di ohun tí omi lè gbé.

Àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń lẹ ọ́síjìn yìí ni a ń pè ní cytochrome P450. Tsuneo Omura àti Ryo Sato ní ilẹ̀ Japan ló sọ wọ́n lórúkọ ní 1962, nítorí pé bí gáàsì carbon monoxide bá lẹ̀ mọ́ wọn, ìmọ́lẹ̀ tó wà ní nánómítà 450 ni wọ́n máa ń gbé mì jù. Ènìyàn ní jíìnì 57 fún oríṣiríṣi wọn, olúkúlùkù sì ní iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tó kan ẹ̀gbọ́n yín ń jẹ́ CYP1A2. Òun ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù lára clozapine. Òun náà ló ń bá olanzapine, oògùn ọpọlọ mìíràn, ṣe, àti theophylline tó wà nínú aminophylline ìyá yín, àti caffeine inú kọfí àti obì.

Sìgá ńkọ́? Bí ewé tábà, igi, èédú, ọ̀rá ẹran tàbí táyà bá jó tí kò jó tán, èéfín rẹ̀ máa ń kó àwọn èròjà kan tí a mọ̀ sí PAH. Òrùka carbon tó so kọ́ra ni wọ́n, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Benzo[a]pyrene ni wọ́n mọ̀ jù nínú wọn, òrùka márùn-ún ló ní. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, purotéènì kan wà tó ń dá wọn mọ̀, AhR lorúkọ rẹ̀. Bí PAH bá bọ́ sínú rẹ̀, AhR á wọ inú yàrá tí DNA wà, á bá ẹnìkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ ARNT pàdé, àwọn méjèèjì á jókòó sórí DNA, wọ́n á sì pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì máa rọ CYP1A1, CYP1A2 àti CYP1B1 lọ́pọ̀ yanturu.

Ẹ fi wé ìyá olóúnjẹ tó rí i pé èrò ń ya wọ búkà, tó wá gba ọmọ ọ̀dọ̀ kún ọmọ ọ̀dọ̀ kí abọ́ lè tètè máa fọ̀. Nítorí èrò tó ń ya wọlé, ìyẹn èéfín, ni wọ́n ṣe gba àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti wà níbẹ̀, gbogbo abọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń fọ̀, ti clozapine náà ń bá a lọ. Ẹni tó ń mu sìgá ń fọ oògùn rẹ̀ dànù kíákíá. Dókítà tó wo ẹ̀gbọ́n yín ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ń gun iye oògùn lókè títí ara wọn fi balẹ̀. Iye tó bá ẹni tó ń mu sìgá ogún mu ló dé. Nígbà tí sìgá dúró, kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì mọ́. CYP1A2 tó lé kún un bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ìdajì rẹ̀ á ti lọ ní nǹkan bí wákàtí 39, nígbà tí yóò bá fi tó ọ̀sẹ̀ kan, ó ti kù sí iye tí ẹni tí kì í mu sìgá ní. Ṣùgbọ́n hóró oògùn tí ẹ̀ ń kà kò dínkù. Abọ́ ń dé bó ṣe ń dé tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń fọ̀ ọ́ ti lọ sílé. Ẹ ní kò tó ọjọ́ mẹ́wàá: ó bá a mu gẹ́lẹ́.

Iye tí a fẹ́ kí clozapine wà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń wà láàárín nánógíráàmù 350 sí 600 nínú mìlílítà kan. Bó bá lé ní 1,000, ewu gìrì pọ̀ sí i gan-an. Lára ẹni tó jáwọ́ nínú sìgá, ó wọ́pọ̀ kí ó fi ìdajì lé sí i, lára àwọn mìíràn á di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹni tó wà ní 550 tó ń rìn, tó ń rẹ́rìn-ín, lè bá ara rẹ̀ ní 1,100 láìfi hóró kan kún un. Oorun, itọ́ tó ń dà, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àmì kan náà ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ayé dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí lórí ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn.

Ohun tí dókítà sábà máa ń ṣe ni pé yóò dín oògùn kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí sìgá dúró, á wọn ẹ̀jẹ̀, á sì tún dín in kù bí èsì bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n yín ti kọjá ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àmì sì ti hàn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n dín in kù ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpinnu yẹn, tiwọn ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nicotine ló ń ṣe é. Nicotine kọ́. Èéfín ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún ẹ̀gbọ́n yín ní nicotine alẹ̀mára tàbí èyí tí wọ́n ń jẹ bíi ṣingọ́ọ̀mù kí ọkàn wọn má baà fà sí sìgá, ó dára bẹ́ẹ̀, kò ní í dí àtúnṣe oògùn lọ́wọ́, kò sì ní í sọ wọ́n di ẹni tó ń mu sìgá lójú ẹ̀dọ̀. Igbó ní tirẹ̀, èéfín ni. Ó ń ṣe bí sìgá. Ẹ má sì rò pé dídín sìgá kù láti ogún sí mẹ́wàá á yí nǹkan padà púpọ̀: sìgá bíi méje sí méjìlá lójúmọ́ ti tó láti gbé ẹ́ńsáìmù náà dé òkè ibi tó lè dé. Ìgbà tí ó bá kọjá sí ìsàlẹ̀ ìyẹn tàbí tó dúró pátápátá ni ìyípadà ń dé.

Obì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń fi sìgá sílẹ̀ ló máa ń fi obì tàbí kọfí dípò kí ẹnu má baà dá. Caffeine àti clozapine ń du CYP1A2 kan náà. Lára ẹni tí kì í mu sìgá, ìdajì caffeine tó mu á lọ ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún; lára ẹni tó ń mu sìgá, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó bá jáwọ́ tó wá fi obì kún obì, caffeine á pẹ́ sí i lára, á sì tún gba iṣẹ́ mọ́ clozapine lọ́wọ́. Àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, kò ní í rí oorun òru sùn, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, wọ́n á ní sìgá ló ń wá. Nígbà mìíràn obì ni. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè, ẹ má fi ìbínú bi wọ́n.

Èyí tó ń dẹ́rù bani jù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn ni cipro. Bí ènìyàn bá wọ kẹ́mísìtì tó ní taifọ́ọ̀dù ń ṣe òun, ciprofloxacin ni wọ́n sábà máa ń nawọ́ sí, láìsí àyẹ̀wò. Cipro ń dí CYP1A2 lójú ẹsẹ̀. Kò dúró de kí ẹ́ńsáìmù dínkù. Ṣe ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó ń lo clozapine, oògùn rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ń lo aminophylline, gìrì lè mú un, ọkàn rẹ̀ sì lè dàrú. Ènìyàn ti kú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá jáwọ́ nínú sìgá tí wọ́n tún wá gbé cipro lé e lórí, ewu méjì ti pàdé. Ẹ kọ orúkọ clozapine àti aminophylline sí bébà kan kí ẹ máa fi han ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn fún yín, kí ó tó ṣí dúróà rẹ̀. Ibà pàápàá tó ohun à ń wò: nígbà tí ara bá ń bá àrùn jà, bíi ti ẹ̀dọ̀fóró tó wú, ẹ̀dọ̀ máa ń dín CYP1A2 tó ń ṣe kù, clozapine á sì gòkè láìsí sìgá láìsí cipro. Ibà lára ẹni tó ń lo clozapine tún ní ìtumọ̀ mìíràn, nítorí oògùn náà lè pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kí wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì náà.

Ó kan ìyá yín. Aminophylline tí wọ́n ń lò, oògùn tí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti ibi tó ti ń di májèlé kò jìnnà síra ni. Mìlígíráàmù 10 sí 20 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ni ìwé oògùn máa ń pè ní ibi tó dára. Bó bá ti kọjá 20, èébì, àyà tó ń sáré, àìrí oorun sùn, àti gìrì ló ń tẹ̀lé e. Lára ẹni tó ń mu sìgá, theophylline máa ń tètè jáde tó ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì ti ẹni tí kì í mu ún. Ẹ kò sọ pé ìyá yín ń mu sìgá, ṣùgbọ́n ojú ààrò ni iṣẹ́ wọn wà. Èéfín igi àti ti táyà ní PAH kan náà tí sìgá ní, iye tó ń wọ ara wọn sì wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe sún mọ́ ọn tó, wákàtí tí wọ́n ń lò níbẹ̀, àti bóyá afẹ́fẹ́ ń fẹ́ jáde.

Bó bá jẹ́ táyà ni wọ́n fi ń sun pọ̀nmọ́ náà, mo fẹ́ kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lé e lórí. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń lò ó: iná rẹ̀ le, ó ń tètè mú irun kúrò, igi sì ti wọ́n. Ṣùgbọ́n táyà kì í ṣe rọ́bà nìkan. Lẹ́búlẹ́bú carbon dúdú tí wọ́n pò mọ́ rọ́bà wà níbẹ̀, òróró wà níbẹ̀, imí ọjọ́ àti zinc oxide wà níbẹ̀. Bó bá ń jó, PAH àti irin á lẹ̀ mọ́ awọ tí wọ́n ń sun, á sì wọ inú ọ̀rá rẹ̀. Fífọ̀ lómi kì í mú un kúrò, nítorí ohun tí a ti sọ lókè: omi kò mọ̀ ọ́n gbé. Ẹni tó rà á jẹ, ó jẹ ẹ́ mọ́ pọ̀nmọ́. Ọ̀nà mìíràn wà. Wọ́n lè bu omi gbígbóná sí awọ náà títí irun á fi dẹ̀, kí wọ́n wá fi abẹ fá a. Ó pẹ́ díẹ̀, awọ náà sì máa ń funfun ju èyí tí wọ́n sun lọ. Bó bá jẹ́ sísun ni oníbàárà fẹ́, iná gáàsì tó ní ẹnu gígùn ń ṣe é láìsí èéfín dúdú. Bó bá jẹ́ igi ni agbára wọn ká, kí igi náà gbẹ dáadáa, nítorí igi tútù ló ń rú èéfín jù, kí wọ́n dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kì í ṣe ibi tó ń fẹ́ lọ, kí wọ́n sì fi ọ̀bẹ ha ohun dúdú ara awọ náà kúrò kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ oògùn, èéfín yẹn fúnra rẹ̀ ń ta ikọ́ fée jí. Oògùn tó ń ṣí ọ̀nà èémí láàárọ̀, èéfín ń dí i padà lọ́sàn-án.

Ibi tó yẹ kí ẹ fura sí jù ni ìgbà tí ìyá yín bá kúrò nídìí ààrò. Bí wọ́n bá lọ bá ọmọ wọn tó bímọ gbé fún oṣù mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń fi gáàsì dáná, tí wọ́n sì ń lo aminophylline bí wọ́n ṣe ń lò ó níwájú iná, kí ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn máa wo èébì àti àyà tó ń sáré. Kí dókítà mọ̀ kí wọ́n tó lọ.

A kò ní láti fa èéfín símú kí ó tó dé ẹ̀dọ̀. Ní 1976, Allan Conney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn ènìyàn kan ní ẹran màlúù tí wọ́n yan lórí èédú fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì wọn phenacetin, oògùn ìrora ayé ìgbà náà, nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó dínkù gan-an sí ìgbà tí wọ́n jẹ ẹran tí kò rí èédú. Ẹran yíyan lásán ló ṣe é. Ẹni tó ń jẹ sùúyà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò ní láti bẹ̀rù. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ tó wá dáwọ́ dúró, ó yẹ kó mọ̀.

Ẹ lè ní, bí èéfín bá ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣiṣẹ́ kíákíá, ṣé kì í ṣe ohun rere ni? Rárá. Ẹ́ńsáìmù kan náà tó ń kó PAH jáde ló ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ohun tó burú ju bó ṣe wọlé lọ. Benzo[a]pyrene kò lè ṣe DNA ní nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ìgbà tí CYP1A1 bá lẹ ọ́síjìn mọ́ ọn ló tó lè rọ̀ mọ́ DNA, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti 1775 ni Percivall Pott ní Lọ́ńdọ̀nù ti rí i pé jẹjẹrẹ awọ kórópọ̀n ń mú àwọn tó ń nu sìmínì. Bẹ́ẹ̀ náà ni chlorpyrifos tí wọ́n ń fi pa kòkòrò: ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di oxon, ìyẹn irú rẹ̀ tó ní májèlé jù, oxon yìí ló ń mú iṣan, imí ọjọ́ tó já kúrò lára rẹ̀ á sì ba P450 tó ṣiṣẹ́ náà jẹ́. Paracetamol pàápàá, ẹ̀dọ̀ ń fi CYP2E1 sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di NAPQI tó ń jó ẹ̀dọ̀; glutathione, èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe, ló ń pa á. Ọtí líle ojoojúmọ́ ń mú CYP2E1 pọ̀ sí i, ó sì ń dín glutathione kù, nítorí náà ẹni tó ń mu ògógóró kò gbọdọ̀ fi ojú eré wo hóró mẹ́jọ tí mìlígíráàmù 500, ìyẹn gíráàmù 4, tó jẹ́ òpin fún àgbàlagbà lójúmọ́.

Òjé ní tirẹ̀ kì í mú ẹ̀dọ̀ yára, ó ń fà á sẹ́yìn. P450 ní haem nínú, irú èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa, òjé sì ń dí bí ara ṣe ń ṣe haem. Ní 2012, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìdènà àrùn, ròyìn ọmọ ọwọ́ kan ní Boston tí òjé pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ̀ látara tìróò tí wọ́n gbé wá láti Nàìjíríà. Ó ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tìróò náà lọ tó jẹ́ òjé. Bí tìróò bá wà nílé yín tí wọ́n ń lé fún ọmọdé, ẹ kó o dànù.

Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń rí gbogbo èyí yẹ ní mímọ̀, nítorí kì í ṣe àbá lásán. AhR wà lára ẹja pẹ̀lú, nítorí náà ẹ̀dọ̀ ẹja lè sọ ohun tó wà nínú odò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdọ̀tí PAH ń wọ Odò Ògùn á mú èpìyà lókè ibi tí ìdọ̀tí ti ń wọlé, á tún mú nísàlẹ̀ rẹ̀. Á la inú ẹja náà lójú ẹsẹ̀, á yọ ẹ̀dọ̀ láìjẹ́ kí òróòro bẹ́, nítorí bí omi òróòro bá kan ẹ̀dọ̀, ẹ́ńsáìmù náà bàjẹ́. Orí yìnyín ló ń wà láti ìgbà náà lọ. Omi tútù tó ní potassium chloride 1.15% ni wọ́n fi ń ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò, torí pé haemoglobin máa ń da ìwọ̀n rú. Wọ́n á lọ̀ ọ́, gíráàmù kan sí omi mìlílítà mẹ́rin, wọ́n á yí i nínú ẹ̀rọ ní 9,000 g (ìyẹn ìlọ́po 9,000 agbára òòfà ilẹ̀, kì í ṣe gíráàmù) fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á kó omi òkè rẹ̀, wọ́n á tún yí i ní 100,000 g fún wákàtí kan. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ìgò, tó ní àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni P450 wà. Wọ́n á fi ethoxyresorufin sí i. CYP1A á sọ ọ́ di resorufin tó ń tàn pupa, bó bá ṣe ń tàn tó ni ẹja náà ṣe ń bá PAH pàdé tó.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ pọ̀. Bí iná bá lọ tí fíríìsà tó wà ní −80°C gbóná, P450 á di P420, kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́, ẹni tí kò yẹ̀ ẹ́ wò á kọ ọ́ sílẹ̀ pé odò mọ́. Abo ẹja tó fẹ́ yé ẹyin máa ń ní èyí tó kéré, nítorí náà akọ ni a ń fi wé akọ. Bí cadmium tàbí bàbà bá pọ̀ nínú omi, ó lè pa ẹ́ńsáìmù náà títí èsì á fi dà bíi pé kò sí PAH rárá. Lára ènìyàn, kò sẹ́ni tó ń gé ẹ̀dọ̀: wọ́n á fún un ní caffeine mìlígíráàmù 100, ní bíi wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn náà wọ́n á gba itọ́ rẹ̀, wọ́n á wo iye caffeine tó ti di paraxanthine. Ẹni tó ń mu sìgá máa ń ní èyí tó ga.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò iye clozapine, àkókò ló ṣe pàtàkì jù. Wákàtí 12 lẹ́yìn èyí tí wọ́n lò gbẹ̀yìn ni a ń fa ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tó lo ti àárọ̀. Bí wọ́n bá lò ó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kí ẹ wà níbẹ̀, kí oògùn àárọ̀ wà lápò yín, kí wọ́n gbé e mì lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní wákàtí méjì lẹ́yìn oògùn á ga ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n lè torí rẹ̀ gé oògùn jù. Nígbà ààwẹ̀ tí àkókò oògùn máa ń yí sí sààrì àti ìṣínu, ẹ kọ aago náà sílẹ̀ gan-an, ẹ má sọ pé "lálẹ́" lásán.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dín in kù, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́ tí sìgá dúró, iye oògùn tuntun, iye wákàtí tí wọ́n ń sùn, ìgbẹ́, obì, oògùn mìíràn tí wọ́n gbà. Bí wọ́n bá padà sídìí sìgá, kí ẹ má bínú, kí ẹ má sì fi í pamọ́ fún dókítà: láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ̀dọ̀ á ti tún rọ CYP1A2 tuntun, oògùn tí a ti dín kù kò ní í tó mọ́, àìsàn náà á sì lè yọjú padà. Kí ẹ kọ ọjọ́ yẹn náà sínú ìwé náà.